Lẹ́yìn Ọjọ́ Tí Ogunléndé Dé

 

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà "ogunléndé" wò: ogun ni ó lé wọn dé. Ẹni tí ó wà níbi tí wọ́n sá wá ni ó ń sọ pé wọ́n "dé". Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, "lọ" ni yóò wí. Ẹnu onílé ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ dídé nìkan ni ó dárúkọ. Kò sọ nǹkan kan nípa oṣù kẹfà, nígbà tí ìrànwọ́ wa ti máa ń gbẹ.

Ọmọ ogunléndé ni àwa náà. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni ogun lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Ní 1821, wọ́n kó Àjàyí ọmọ Òṣogùn lẹ́rú. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Oúnjẹ ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n fún un níbẹ̀. Ilé ìwé ni wọ́n fi í sí. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ní 1843 ìwé rẹ̀ lórí èdè Yorùbá jáde. Mo mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù ni ó padà dà, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ láàárín ìjọ rẹ̀ àti ìṣẹ̀ṣe. Síbẹ̀, èmi tí mo ń fi ẹ̀kọ́ èdè jẹun, mo jẹ nínú oúnjẹ náà.

Nígbà tí ogun wá bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà ní 1989 àti ní Sàró ní 1991, ibùdó Òrù, ní Ìjẹ̀bú, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, ni ọ̀pọ̀ wọn sá wá. Mélòó nínú àwa oníṣẹ̀ṣe ni ó mọ ọ̀nà ibẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ẹ̀wẹ̀, ìjà darandaran àti àgbẹ̀ lé àwọn ará Yewa kọjá bodè sí Bìnẹ̀.

Bí ogun bá lé ìdílé kan dé àdúgbò wa, yàrá kan ni wọn yóò háyà, a kò sì ní tètè mọ̀. N kò bẹ̀ yín fún ìrẹsì. Àpò ìrẹsì kan pẹ̀lú fọ́tò mẹ́wàá, a ti ṣe é tó. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ₦500 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìtàdógún, fún ọdún mẹ́ta gbáko, kí a fi gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ìdílé kan ní Mówè, ọ̀kan ní Ìbàfò, ọ̀kan ní Ìfọ̀. Ilé ìwé ni kí a san án fún, kí ọmọ má baà máa dọ̀bálẹ̀ gbowó lójú àwùjọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi wọ́n léèrè òrìṣà tí wọ́n ń bọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ.

Ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ àwọn ìyánífá lẹ́nu ọ̀nà.