J'ai parlé: Bí Faransé Ṣe Ń Sọ Ohun Tó Ti Kọjá

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn Faransé ń pè ní passé composé. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé nínú gbogbo ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé, kò sí èyí tó sún mọ́ Yorùbá tó o. Òun ló yẹ kí á fi kọ́ ọmọ ní gbàrà tó bá ti lè sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́.

Kí ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí ẹni tó ṣe é. Mo sọ̀rọ̀, o sọ̀rọ̀, a sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀: bákan náà ni “sọ̀rọ̀” rí. Ẹ wá wo parler, tí í ṣe “sọ̀rọ̀”: j'ai parlé, tu as parlé, elle a parlé, nous avons parlé, vous avez parlé, ils ont parlé. Parlé kò yẹsẹ̀ rárá. Avoir, ìyẹn “ní”, ló ń yí padà níwájú rẹ̀. Òun ló ń sọ ẹni tó ṣe é, parlé sì ń sọ ohun tí a ṣe. Ẹni tó bá ti mọ ìrísí mẹ́fà avoir, ọ̀nà ti là fún un sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ẹ fi wé passé simple àtijọ́: je parlai, tu parlas, nous parlâmes, ils parlèrent. Níbẹ̀, ara ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló ń pààrọ̀. Àwọn Faransé ti fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Inú ìwé ló kù sí. Kódà nígbà tí Albert Camus gbé ìwé àròsọ rẹ̀, L'Étranger, jáde ní 1942, passé composé ló fi sọ púpọ̀ nínú ìtàn náà, bí ẹni pé ẹ̀dá-ìtàn náà ń bá wa sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ṣíṣe é kò le. Nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tẹ̀lé òfin, -er á di -é: acheter, acheté. -Ir á di -i: finir, fini. -Re á di -u: vendre, vendu. Ohùn kan náà ni parler, parlé àti parlez ní létí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣì wọ́n kọ. Bí a kò bá ṣe nǹkan ọ̀hún, ne àti pas á há avoir sáàárín: je n'ai pas parlé. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe díẹ̀ wà, ti lílọ àti bíbọ̀, ti ìbí àti ikú, tó jẹ́ être, ìyẹn “jẹ́”, ló ń ṣíwájú wọn: elle est arrivée. Wọn kò pọ̀; kí ọmọ há wọn sórí.

Ibi tí mo fẹ́ kí á ti fara balẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ pé j'ai vendu ni “mo ti tà”. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bí ìyá kan ní Kétu bá ń ròyìn ọjà àná, yóò ní, “Lánàá, mo ta àgbàdo, mo ra ẹja, mo padà sílé.” Kò sí “ti” kankan níbẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Faransé, tí í ṣe èdè ìjọba ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí Kétu wà, yóò ní: Hier, j'ai vendu du maïs, j'ai acheté du poisson, je suis rentrée à la maison. Ọmọ tí a bá fi “ti” nìkan kọ́ yóò fo avoir dá nígbà tó bá ń ròyìn, nítorí kò gbọ́ “ti” lọ́kàn ara rẹ̀. Kí olùkọ́ fi gbólóhùn méjèèjì hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ avoir? Láti inú Látìn ni. Ará Róòmù lè sọ pé habeo litteras scriptas: lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi tí a ti kọ tán. Scriptas bá litteras mu, nítorí lẹ́tà ló ń ṣàpèjúwe. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ níní kúrò níbẹ̀, ó di “mo ti kọ ọ́”. Ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ kò parẹ́ tán. J'ai vendu la chèvre: vendu kò gba àfikún. La chèvre que j'ai vendue: e wọlé, nítorí chèvre, ìyẹn ewúrẹ́, tí Faransé kà sí abo, ti ṣáájú. Clément Marot, akéwì ààfin ọba François kìn-ín-ní, fi ewì ṣàlàyé òfin yìí fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì fi àwọn ará Ítálì ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní 2018, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù méjì tó ti ṣe olùkọ́ Faransé rí, Arnaud Hoedt àti Jérôme Piron, sọ ní gbangba pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé avoir dúró bákan náà níbi gbogbo. Mo wà lẹ́yìn wọn. Etí kò gbọ́ ìyàtọ̀ vendu àti vendue, àwọn Faransé fúnra wọn sì ń ṣì í. Àmọ́ òfin náà ṣì wà nínú ìwé gírámà. Nítorí náà, kí olùkọ́ fi í sẹ́yìn títí ọmọ yóò fi lè ròyìn ọjà àti ìrìn àjò rẹ̀ láìkọsẹ̀, kó sì sọ ìtàn habeo fún un kó tó béèrè e náà lọ́wọ́ rẹ̀.