Ẹ̀kọ́ Tí Pọ́ọ̀lù Kọ́ Nínú Ìdè



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ìtẹ́lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ohun tó tẹ́ni lọ́rùn ni baba wa wí. Wọn ò pè é ní ohun tó kún inú. Ikùn lè kún bámúbámú kí ojú ṣì máa wá òmíràn kiri.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa fi sẹ́nu Pọ́ọ̀lù nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Fílípì, orí 4. Inú ìdè ló wà. Ìjọ Fílípì ní Makedóníà fi ẹ̀bùn rán Ẹpafíródítù sí i, àìsàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí òjíṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò fún ìtẹ́lọ́rùn yìí, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí tí wọ́n ń pè ní Sítọ́íkì máa ń lò ó: wọ́n fi ń pe ẹni tí kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pọ́ọ̀lù yá a lò, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi ara wọn sí, Kristi ló fi síbẹ̀.

Ó tún ní ńṣe ni òun kọ́ ìtẹ́lọ́rùn. Ní ẹsẹ 12, ó lo ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń lò nígbà tí wọ́n bá mú ọ̀gbẹ̀rì wọ inú awo. Ẹ gbọ́ bó ṣe rinlẹ̀ tó! Ọkùnrin yìí ń sọ pé òun kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ebi, bẹ́ẹ̀ ni òun kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú ọ̀rọ̀ àyó. Yíyó pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì kọ́.

Ìdí nìyí tí ohun tí a ń fi ẹsẹ 13, “Èmi lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi ẹni tí ń fi agbára fún mi,” ṣe fi ń dùn mí. A ń kọ ọ́ sára mọ́tò, a ń pè é sórí físà. Agbára láti fara da àìní, kí ọrọ̀ má sì gùn wá bí ẹṣin, ni ẹsẹ náà ń sọ.

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà. Lálẹ́, á ka owó ọjọ́ náà sórí ẹní, á yọ ti àjọ, á yọ owó ọjà ọ̀la, á wá dúpẹ́ lórí ìwọ̀nba tó kù. Lọ́jọ́ tí ọjà ò tà, ọpẹ́ yẹn náà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ tó sunkún kó tó lè ṣe é. Ohun tí mo ń pè ní kíkọ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtẹ́lọ́rùn di ẹnu òṣìṣẹ́ tí ẹ kò san owó rẹ̀. Ìwé Jákọ́bù, orí 5, ní irú owó bẹ́ẹ̀ ń ké sétí Ọlọ́run. Ebi ti ara rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ. Ní ti ebi ẹlòmíràn, òun ló gba ọrẹ káàkiri fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù.

Ẹ wo ẹsẹ 18 nínú Fílípì orí 4 yẹn kí n tó jókòó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣòwò ìgbà náà ń kọ sórí rìsíìtì ló lò níbẹ̀: ẹ̀bùn yín ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó pé, ó tún ṣẹ́kù. Ẹlẹ́wọ̀n ló ń kọ rìsíìtì yìí. Kò béèrè òmíràn.