Bí Wọ́n Bá Fẹ́ Fi Irin Sí Ọrùn Rẹ, Kí Ni Kí O Béèrè?

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, bá ìpàdé ẹ̀ka Adó-Èkìtì sọ



Awakọ̀ wà nínú wa, alábàárù wà, àwọn tó ń dorí kodò sórí tábìlì láti àárọ̀ dalẹ́ náà wà. Bí ọkọ̀ bá gbókìtì lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, tàbí tí ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó wà láàárín egungun ọrùn bá yọ tó sì tẹ iṣan, apá lè máa kú, ẹsẹ̀ lè máa gbọ̀n. Dókítà lè wá ní òun yóò yọ tìmùtìmù náà, òun yóò so egungun méjì pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ irú èyí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ yìí: ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku dá ẹ̀ka wọn sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn. Ìdààmú ẹbí ni ìwé tí a ó fi lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ ra ohun tí a ó fi sáàárín egungun. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Èkínní ni egungun ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀. Òun ni àwọn dókítà Robinson àti Smith ròyìn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1955. A kì í rà á, ara kì í sì í kọ̀ ọ́. Àmọ́ ojú ọgbẹ́ di méjì, ìbàdí náà sì lè máa dunni pẹ́.

Èkejì ni àgò kékeré onírin titanium. Egungun ń lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó le ju egungun lọ, ó lè rì wọ inú rẹ̀. Ó sì ń ṣíji bo àwòrán ẹ́ksíréè, tí dókítà kì í fi í rí i kedere bóyá egungun ti so.

Ẹ̀kẹta ni àgò oníke líle tí à ń pè ní PEEK. Líle rẹ̀ sún mọ́ ti egungun, ẹ́ksíréè sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé egungun kì í tètè lẹ̀ mọ́ ọn bíi ti titanium.

Ẹ̀kẹrin ni irin pẹlẹbẹ àti síkúrù. Kì í rọ́pò àwọn yòókù. Ó ń dì wọ́n mú ni, pàápàá bí ibi tí a fẹ́ so bá ju ẹyọ kan lọ. Ó lè mú kí oúnjẹ ṣòro gbé mì fúngbà díẹ̀.

Kò sí èyí tó dára jù fún gbogbo ènìyàn, ọ̀wọ́n kọ́ sì ni dídára. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: oògùn àti ìdárayá á tó fún ẹlòmíràn. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè: “Dókítà, ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ yìí? Egungun mélòó lẹ ó so? Èwo lẹ máa lò, kí sì nìdí rẹ̀? Bí n kò bá rówó rà á, ṣé egungun ìbàdí á ṣe é?” Ẹni tó ń mu sìgá, kó pa á tì, kì í jẹ́ kí egungun tètè so.

Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ lọrùn ti ṣèṣe, òfin gbà-má-bìínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí o sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Òun náà gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Má dúró dìgbà tí o bá ta ilẹ̀ bàbá rẹ tán. Tètè wá bá akọ̀wé ẹ̀ka. Abéèrè kì í ṣìnà.