ÀÀWẸ̀ ÌKA ỌWỌ́: BÍ Ó ṢE YẸ KÍ MÙSÙLÙMÍ MÁA BÁ ÀJỌ ÌLÚ SỌ̀RỌ̀ LÓJÚ ÒPÓ AYÉLUJÁRA

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó fún ọmọ ènìyàn ní ahọ́n tó fi ń sọ̀rọ̀ àti ìka tó fi ń kọ̀wé. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo lọ́kùnrin àti lóbìnrin, gbogbo wa ni a mọ̀ pé ààwẹ̀ kì í ṣe ti ikùn nìkan. Nínú hadiisi tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ aláàwẹ̀ pé bí ẹnìkan bá bú u, kí ó fi yé onítọ̀hún pé òun ń gba ààwẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ èébú kì í ti ẹnu jáde mọ́. Orí fóònù ni a ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn lè jẹ sààrì tán, kí ó tó kírun àsùbáà, kí ó ti bú òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rí rí. Ìka tó kọ èébú yẹn, ṣé ó gba ààwẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á wo ọdún 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún náà ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn COVID-19 hàn ní Nàìjíríà. Àjọ NCDC, tó ń mójú tó ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn, wá ń gbé iye àwọn tó ní àrùn náà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan síta lójú òpó Facebook àti Twitter, èyí tí à ń pè ní X láti ọdún 2023. Ní oṣù Kẹta, ìròyìn gbòde pé oògùn ibà tí à ń pè ní chloroquine ń wo àrùn náà. Àjọ náà kìlọ̀ lójú òpó wọn pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lò. Láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn aláṣẹ ìlera l'Ékòó kéde pé àwọn kan ti lò ó ní àlòjù, tí wọ́n sì di èrò ilé ìwòsàn.

Ẹ rò ó wò. Bí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà níta, tí èébú, yẹ̀yẹ́ àti irọ́ wá bò ó mọ́lẹ̀, báwo ni ẹni tó ń wá òtítọ́ yóò ṣe rí i? Òkò tí a rò pé aláṣẹ ni a ń sọ ọ́ lù, aláìsàn ni ó lè bà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀sìn wa kò ní kí á dákẹ́ bí aláṣẹ bá ṣe àìdáa. Nígbà tí Abu Bakr di khalifa lẹ́yìn ikú Ànábì, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí àwọn ènìyàn tọ́ òun sọ́nà bí òun bá yà kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yàtọ̀ sí èébú. Nínú Suuratu Taha, aaya 44, Ọlọ́hun rán Musa àti Haruna sí Fir'aona, Ó sì pa wọ́n láṣẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀lẹ̀. Wọn kò fi òtítọ́ pamọ́ fún un, wọn kò sì bú u. Òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn ìbéèrè lójú òpó àjọ kò burú tó Fir'aona. Àwa náà kò sì dára tó Musa. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹjọ́, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wádìí ìròyìn kí ẹ tó tàn án ká, gẹ́gẹ́ bí Suuratul Hujurat, aaya 6, ti pa á láṣẹ. Ẹ má ṣe fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ìrísí ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Aaya 11 inú suura kan náà kọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn síta. Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà báńkì tàbí NIN tiyín síbẹ̀, nítorí oníjìbìtì náà ń kà á. Bí ẹ bá sì ti tan irọ́ ká ní gbangba, pípa á rẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ kò tó. Suuratul Baqarah, aaya 160, so ìronúpìwàdà pọ̀ mọ́ àtúnṣe àti ṣíṣe àlàyé òtítọ́.

Ẹnìkan lè fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ bú ènìyàn. Orúkọ yẹn kò pa á mọ́ fún àwọn malaika tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí hadiisi tí Muslim gbà wá nípa ẹni tó wọko gbèsè: yóò gbé ìrun, ààwẹ̀ àti saka dé ọjọ́ àjíǹde, ṣùgbọ́n àwọn tó ti bú àti àwọn tó ti ṣe àbòsí sí ni a ó pín ẹ̀san rẹ̀ fún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ ebi àti òùngbẹ yín di ẹ̀san ẹlòmíràn nítorí ọ̀rọ̀ ìlà kan.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa ní ìtẹ́wọ́gbà, kí Ó ṣọ́ ahọ́n àti ìka wa, kí Ó sì tún ìlú wa ṣe. Àmín.

Wassalaamu alaykum warahmatullaahi wabarakaatuh.