Iyọ̀ A Máa Yọ́, Àpáàdì A Máa Kù



Kò sí ilé tí a kì í lo iyọ̀. Òun ni a fi ń se ọbẹ̀, òun náà ni a fi ń ṣàdúrà fún ọmọ titun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe lè mọ ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti sè é, nígbà tí iyọ̀ kì í pẹ́ yọ́ bí òjò bá pa á?

Inú ilẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ní etí òkun Essex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìtì ilẹ̀ pupa wà tí ó lé ní 300. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wà wọ́n, kì í ṣe iyọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, bí kò ṣe eérú, ilẹ̀ tí iná ti jó pupa, àti àpáàdì ìkòkò amọ̀. Èyí ni wọ́n fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti ń gbé omi òkun ka iná títí yóò fi gbẹ tí iyọ̀ yóò sì kù. Iṣẹ́ náà ti wà kí àwọn ará Róòmù tó gbógun wọ ilẹ̀ náà ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó sì ń bá a lọ lábẹ́ ìjọba wọn.

Etí òkun tiwa náà mọ iṣẹ́ yìí. Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah ní ilẹ̀ Benin, àwọn obìnrin ni ó ń ṣe é títí di òní. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi ọ̀sà fà sẹ́yìn, wọn a ha ilẹ̀ oníyọ̀, wọn a kó o sínú agbọ̀n, wọn a sì da omi lé e lórí. Omi tí ó bá sẹ́ jáde ni wọ́n ń sè títí yóò fi di iyọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn Ìṣẹ̀kírì ní tiwọn a máa sun ewé igi etí omi, wọn a sẹ́ eérú rẹ̀, wọn a sì sè é. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ òkun ń kó iyọ̀ wá láti Liverpool, ọjà iyọ̀ ìbílẹ̀ sì rẹ̀yìn.

Iṣẹ́ lè parẹ́, kí a sì gbàgbé orúkọ àwọn tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n àpáàdì kì í rà. Nísinsìnyí tí ilé titun ń yọ káàkiri Ìpájà àti Alímọ̀ṣọ́, ọkọ́ àti katakata ń hú ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Ibi tí àpáàdì wà, àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ó ń jẹ́rìí. Bí a bá ti kó o dànù, ẹ̀rí náà ti bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí ó bá bá ìkòkò àtijọ́ tàbí ààrò pàdé, kí ó dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Kí ó má ṣe fọ̀ ọ́, kí ó má sì tà á. Kí ó fi tó àwọn àgbà àdúgbò létí, kí ìròyìn sì dé Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, Èkó, tí a ṣí ní 1957. Òfin Ìjọba Àpapọ̀ kẹtàdínlọ́gọ́rin ti ọdún 1979 pẹ̀lú béèrè pé kí a ròyìn irú ohun bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ẹ̀rí iṣẹ́ àwọn baba àti ìyá wa.