Ilẹ̀ Tí Ń Mí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Kọnkéré, Amọ̀ àti Òtútù ní Winnipeg

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo júbà ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ẹni tí ọba ń tẹ̀, tí ìwọ̀fà ń tẹ̀, tí kò sì ráhùn, nítorí pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé lórí, àti pé ní ìlú Winnipeg tí a wà yìí, níbi tí Odò Pupa àti odò Assiniboine ti pàdé, ilẹ̀ kì í sùn bí ó ti í sùn nílé wa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ra ilé síbí. Ojú tí a fi ń wo ilé ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì àti ní Ọ̀yọ́ ni a fi wò ó: a wo òrùlé, a wo ògiri, a wo ilé ìdáná, a sì gba kọ́kọ́rọ́. Ìpìlẹ̀ ńkọ́? Nílé, bí birikílà bá ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa dé ibi tí ó le, tí ó da kọnkéré sí i, tí ó to búlọ́ọ̀kù lé e, tí àwọn lébìrà sì ti fi erùpẹ̀ kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tán nìyẹn. Ọmọ-ọmọ onílé lè gbé ibẹ̀ títí láìbéèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èrò yìí ni mo gbé wọ ilé àkọ́kọ́ tí mo ní ní ìlú yìí. Nígbà tí ó di ìgbà ìrúwé ọdún kejì, ilẹ̀kùn yàrá mi kọ̀, kò pa dé mọ́. Mo pe káfíńtà, ó fá a díẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi mú ìlú dáadáa, ilẹ̀kùn kan náà ń ṣí fúnra rẹ̀, àlàfo tí ó wà lórí rẹ̀ sì gba ìka ọwọ́ mi kan. Káfíńtà kò jẹ̀bi, igi kò jẹ̀bi. Ilẹ̀ ló mí sókè, tí ó tún mí sílẹ̀.

Ìdí tí ó fi ń mí nìyí: ní ohun tí ó lé ní ọdún 8,000 sẹ́yìn, adágún ńlá kan, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Louis Agassiz sọ, bo gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí. Yìnyín àtijọ́ ni ó sé omi rẹ̀ mọ́, omi tí ó bá sì dúró jẹ́ẹ́ ni í jẹ́ kí erùpẹ̀ tí ó kúná jù lọ rọra balẹ̀. Ó balẹ̀ ọdún lé ọdún, títí tí amọ̀ fi nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 50 ní ọ̀pọ̀ ibi kí a tó kan àpáta. Gumbo ni àwọn ará ibí ń pè é. Ẹ rìn lórí rẹ̀ lẹ́yìn òjò, bàtà yín yóò wúwo bí ẹni pé ẹ wọ ọlọ. Ẹ padà síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti lù ú fún oṣù méjì, ẹ óò rí i tí ó sán, tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ inú sísán náà dé ọrùn ọwọ́. Ohun tí amọ̀ yìí ní nínú rí pẹlẹbẹ bí ewé ìwé, omi a sì máa wọ àárín ewé kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá ti bu omi sí gàrí rí kò nílò olùkọ́ lórí èyí: ẹ̀kúnwọ́ méjì tí ó wà nísàlẹ̀ abọ́, kí a tó bojú wẹ̀yìn, ó ti dé ẹnu abọ́. Ṣùgbọ́n amọ̀ ju gàrí lọ ní ọ̀nà kan, nítorí pé bí omi bá ti kúrò lára rẹ̀, ó tún máa ń súnkì, ó sì máa ń fa ohun tí a gbé lé e lórí lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ìtàn kan tí kì í ṣe ti ilé gbígbé, nítorí pé ó wà lẹ́bàá wa níhìn-ín. Ní Transcona, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Canadian Pacific fi kọnkéré kọ́ àká ọkà kan tí ó lè gba mílíọ̀nù kan òṣùwọ̀n búṣẹ́ẹ̀lì. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1913, nígbà tí ọkà tí wọ́n ti rọ sínú rẹ̀ tó nǹkan bí 875,000, àká náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dà sí ẹ̀gbẹ́ tó nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 27. Omi ló dànù, agbè kò fọ́, bí àwọn bàbá wa ti í wí: kọnkéré náà wà lódindi, ilẹ̀ ni ó yẹsẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ ọ ti dán ilẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kékeré ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, amọ̀ líle tí ó wà lókè nìkan ni ó sì dá wọn lóhùn. Ti ìsàlẹ̀, tí ó rọ̀, kò tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n padà gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ dé orí àpáta, wọ́n sì gbé e nàró.

Òtútù wá ńkọ́? Ní oṣù kìíní, òtútù ibí a máa lọ sí 30 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí òjò dídì kò bá sì bo ilẹ̀, dídì náà a máa wọlé kọjá ẹsẹ̀ bàtà 6. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 bí ó bá ti ń dì, ọ̀pọ̀ sì rò pé ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń ru. Stephen Taber, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní South Carolina, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1929 àti 1930, ó mú benzene, ohun olómi tí í súnkì nígbà tí ó bá ń dì, ó rọ ọ́ sínú erùpẹ̀ dípò omi, ó jẹ́ kí ó dì, erùpẹ̀ náà sì ru síbẹ̀síbẹ̀! Ohun tí ó fi hàn ni pé ibi tí ó ti dì ń fa omi mìíràn láti ìsàlẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí òwú àtùpà ti ń fa epo, tí yìnyín sì ń nípọn ní ìpele-ìpele, tí ó ń gbé gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sókè. Ibi tí erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú bá ti dàpọ̀ mọ́ amọ̀ ni ó ti burú jù, nítorí pé amọ̀ nìkan a máa há omi mọ́ra, kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Omi kò lọ́tàá, ni a ń wí nílé. Òótọ́ ni, èmi náà sì gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tí ó da kọnkéré sórí amọ̀ ní ilẹ̀ òtútù, omi ni ọ̀tá náà. Òtútù tí kò bá rí omi kò lè gbé ilẹ̀; amọ̀ tí kò bá mu omi kò lè wú; kọnkéré tí kò bá ní omi tí ó sá pamọ́ sínú rẹ̀ kò lè bó nígbà òtútù. Ibi tí mo dúró lé nìyí, n kò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí tí n ó fi jókòó.

Nípa bíbó yìí, mo fi owó ara mi kọ́ ọgbọ́n. Àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà mi ni mo gbé fún oníṣẹ́ kan ní òpin oṣù kẹwàá. Ó rí i pé kọnkéré náà ki jù fún ọwọ́ rẹ̀, ó fa rọ́bà omi, ó bomi sí i. Bí omi tí ó yọ sójú rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó fi irin rẹ́ ẹ títí tí ó fi ń dán bí ojú dígí, èmi pàápàá sì dúró tì í, mo ń yìn ín, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ ilẹ̀ tí ó dára nílé. Ní òru, òtútù dé. Kò sí ohun tí a fi bò ó. Nígbà ọ̀gìnnìtìn, mo ń da iyọ̀ sí i kí yìnyín lè yọ́. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, ojú rẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, òkúta wẹ́wẹ́ sì yọ eyín síta. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ wo iye ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá sórí àkàsọ̀ mẹ́ta péré. Omi tí a bù lé e sọ ọ́ di aláìlágbára. Rírẹ́ tí a tètè rẹ́ ẹ pa ojú rẹ̀ dé, ó sì sé omi mọ́ abẹ́ rẹ̀. Kọnkéré kì í gbẹ kí ó tó le. Omi ni ó ń jẹ, ooru ara rẹ̀ ni ó sì fi ń jẹ ẹ́, nítorí náà a gbọ́dọ̀ da aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun, kí òtútù má bàa mú un kí agbára rẹ̀ tó dé 500 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó. Èyí tí ó bá dì ṣáájú ìgbà yẹn ti bàjẹ́ tán. A kò sì gbọ́dọ̀ dà á sórí ilẹ̀ tí ó ti dì. Bí a bá fẹ́ kí ó rí ara gba òtútù lẹ́yìn náà, kí ìhó kéékèèké wà nínú rẹ̀, ìdá 5 sí 8 nínú 100, tí omi tí ó bá ń dì lè sá wọ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kíyè sí èyí ní ìpínlẹ̀ New York, nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ọ̀nà kan ń pẹ́ ju òmíràn lọ, tí wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé ìdí ọ̀rá tí a fi sí sìmẹ́ǹtì wọn nígbà lílọ̀. Ojú àkàsọ̀ tí ó wà níta, ọwọ̀ ni kí a fi gbá a kí ó rí háráhárá. Kí ẹ fi dídán sílẹ̀ fún inú ilé.

Ọ̀tá kan tún wà tí omi ilẹ̀ yìí ń gbé kiri. Iyọ̀ kan ni, sulphate, tí ń jẹ sìmẹ́ǹtì lásán bí ikán ti ń jẹ igi. Thorbergur Thorvaldson, ọmọ Iceland tí wọ́n gbé wá sí Manitoba ní kékeré, tí ó sì di olùkọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Saskatchewan, ni ó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí sìmẹ́ǹtì tí ó lè dúró dè é. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé síbí, kí ó béèrè irú sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ní orúkọ.

Àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ibí kò bá amọ̀ wọ ìjàkadì. Wọ́n ri òpó kọnkéré wọlé jìn kọjá ibi tí òtútù àti ẹ̀ẹ̀rùn ń dé, wọ́n sì da ìtì kọnkéré lé orí wọn. Lábẹ́ ìtì yìí, kí wọ́n tó dà á, páálí ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́. Ó ya mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i: páálí lábẹ́ ilé! Ṣùgbọ́n páálí náà yóò rà, àyè òfo yóò kù síbẹ̀, amọ̀ yóò sì rí ibi wú sí láìfi orí ti ilé. Ní ti àwa tí a ra ilé àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ àyíká dagẹ̀ẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ọ̀pá tí ń gba omi òrùlé sì gbé e jìnnà. Ẹ má gbin igi elm sún mọ́ ògiri, nítorí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbòǹgbò rẹ̀ a mu amọ̀ gbẹ, igun ilé tí ó wà níbẹ̀ a sì rì.

Nínú àjà ilẹ̀ ilé tí mo ń gbé báyìí, òpó irin mẹ́ta ni ó gbé ìtì àárín ilé dúró. Telepost ni wọ́n ń pè é. A lè fi sípánà yí i kí ó ga sí i tàbí kí ó lọ sílẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣe. Lọ́dọọdún, mo máa ń rọ omi sínú rọ́bà, bí birikílà ti ń ṣe nílé, mo fi wọn ìtì náà láti òpó dé òpó, mo sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sára ògiri, mo kọ ọdún sí i. Ìlà mọ́kànlá ni ó ti wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá mo sọ̀kalẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n: lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àárín, ìlà ọdún yìí fi ìbú èékánná ọmọdé kan lọ sílẹ̀ ju ti èṣí lọ. Mo gbé sípánà, mo yí i ní ìdámẹ́rin yíyí kan, mo dúró, mo tẹ́tí sí igi ilé lókè orí mi.