Ẹ Ka Nọ́ńbà Ẹnu Pisitolẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ ra pisitolẹ́ tí ń fọ́n ọ̀dà sára ilẹ̀kùn tàbí bẹ́ẹ̀dì onírin, ẹ má wo dídán rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ẹnu rẹ̀. Ọ̀dà elépo máa ń ki. Ẹnu mìlímítà 0,8 yóò há, 1,4 sí 1,8 ló yẹ ẹ́. Ẹ mú èyí tí ife ọ̀dà rẹ̀ wà lókè: ọ̀dà yóò fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti kun ún, kí iná jìnnà. Ọ̀dà tó ń fò lè gbiná, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà, ẹ bá aládùúgbò yín kà á kí ó tó sanwó.